Gift Ń Lọ sí Jámánì: Ṣé Lóòótọ́ Ni Orúkọ Rẹ̀ Ń Jẹ́ Májèlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, Gift, ti rí ààyè sí yunifásítì ní Leipzig ní Jámánì. Oṣù kẹwàá ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Inú wa ń dùn lọ́wọ́ ni àbúrò ọkọ mi tó wà ní Hamburg bá pè wá pé ká tètè yí orúkọ ọmọ náà padà, pé májèlé ni wọ́n ń pè ní Gift níbẹ̀. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní Sweden, òun tún ní rárá, pé ẹni tó ti ṣègbéyàwó ni gift lọ́dọ̀ tiwọn. Ọmọ ọdún 19 ni ọmọ mi, kò tíì lọ́kọ. Èwo la fẹ́ gbà gbọ́? Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe lè jẹ́ ẹ̀bùn, kó jẹ́ májèlé, kó tún jẹ́ ìyàwó? Ṣé ká lọ kóòtù lọ búra orúkọ tuntun ni? Ìyá Gift, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Gift, ẹ kú oríire. Ọlọ́run á jẹ́ kó lọ re, kó bọ̀ re. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi yín lọ́kàn balẹ̀: àbúrò ọkọ yín kò purọ́, ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ọmọ yín ní Gift náà kò sì ṣì í sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo yín dì mú, kálukú ló mú un níbi tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ má tíì lọ kóòtù.

Àwọn kan á sọ fún yín pé àkọsẹ̀bá ni, pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kàn jọra létí, bí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ ṣe jọra létí ẹni tí kò gbọ́ ohùn Yorùbá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìyá wọn ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní give, tí Jámánì ń pè ní geben, tí àwọn ará Hólándì ń pè ní geven, tí Sweden gé kúrú di ge. "Fún" ni gbogbo wọn. Ẹ wo bí àwa náà ṣe mú "bùn", tá a fi ẹ̀ sí iwájú rẹ̀, tó di ẹ̀bùn. Ní tiwọn, ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń fi kún un: wọ́n á fi t sí ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe, á sì di ọ̀rọ̀ orúkọ. Bí drive ṣe bí drift nìyẹn, bí thrive ṣe bí thrift, bí give náà ṣe bí gift. Ní ìpìlẹ̀, gift kò ju "fífún" tàbí "ohun tí wọ́n fún ni" lọ.

Àmọ́ fífún kì í dá dúró. Bí ẹnìkan bá wọlé tọ̀ yín wá, tó ní "wọ́n ti fún un o," ẹ ó bi í pé: ta ló fún ta, kí sì ni wọ́n fún un? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti pínyà. Bí ìlú kan ṣe dáhùn ìbéèrè yẹn kọ́ ni ìlú kejì ṣe dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọ̀rẹ́ yín, torí ti ìgbéyàwó ló pẹ́ jù nínú ìwé. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Jésù, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Wulfila túmọ̀ Bíbélì sí èdè àwọn Goth, èdè kan tó jẹ́ ìbátan èdè Jámánì, tó ti kú báyìí. Nígbà tó dé Lúùkù orí 1 ẹsẹ 27, níbi tí áńgẹ́lì ti fẹ́ lọ bá wúńdíá tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà Jósẹ́fù, ọ̀rọ̀ tó lò fún àfẹ́sọ́nà yẹn ni fragibtim. Ẹ bọ́ fra kúrò níwájú, kí ẹ bọ́ im kúrò lẹ́yìn. Kí ló kù? Gibt. Gift yín náà ni, b ló kàn jókòó sípò f. Ìwé àfọwọ́kọ tí ẹsẹ yẹn wà nínú rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì Uppsala ní Sweden, tàdáwà fàdákà ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí awọ tí wọ́n pa láró elésè àlùkò. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti "fún" ọkùnrin kan ni Màríà nínú ìwé náà. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ṣebí àwa náà ní "wọ́n ti fi ọmọ wọn fọ́kọ", "fún" ló sì wà nínú fọ́kọ yẹn, ó kàn sún mọ́ ọkọ débi pé a ò rí i mọ́ ni.

Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀bùn lásán ló mọ̀, ìdí ìgbéyàwó ni gift tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ohun tí ọkọ san kó tó gbé ìyàwó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Owó orí ìyàwó, kò lé, kò dín. Bí wọ́n bá sì sọ ọ́ di púpọ̀, ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ń fún ni níbí ti yí padà: lọ́dọ̀ àwọn Goth, bàbá ló fún ọkọ ní ọmọ; lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ ló fún àwọn àna ní owó. Ọjọ́ kan náà, àgbàlá kan náà, ẹrù tó kọjá síhìn-ín àti èyí tó kọjá sọ́hùn-ún ló ń jẹ́ orúkọ kan.

Wọn kì í sì í pè é ní gift nígbà náà o. Yift ni wọ́n ń pè é, nítorí g tó bá ṣáájú i nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, y ló ń dà lẹ́nu. Àwọn Viking, ajagun ojú omi láti ìhà Denmark àti Norway, ló mú g líle dé. Ọdún 793 ni wọ́n kọ́kọ́ kó ilé àwọn mọ́ńkì ní Lindisfarne, erékùṣù kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá wọ́n jókòó, wọ́n bímọ, wọ́n ń dáko, èdè wọn sì wọnú ti àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀. Gipt ni wọ́n ń pe tiwọn, ẹ̀bùn ló sì ń jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni g wọn àti ìtumọ̀ wọn fi borí. Títí dé ayé Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1400, y ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń lò. Bí kò bá sí ti àwọn ajínilẹ́rù yẹn, Yift là bá máa pe ọmọ yín lónìí.

Ní Sweden, ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni pé y yẹn kò kúrò níbẹ̀: wọ́n ń kọ gift, yift ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ yín bá gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì ìjọba wọn, ó lè bá àpótí méjì pàdé, ọ̀kan gift, èkejì ogift. O iwájú yẹn ń sọ pé kò tíì rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó ti ṣègbéyàwó, ẹni tí kò tíì ṣe. Obìnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá mu tẹ́lẹ̀, torí òun ni wọ́n ń fi fún ẹlòmíì, àmọ́ lónìí ọkùnrin náà ń jẹ́ gift, ìtìjú kankan kò sí níbẹ̀. Denmark àti Norway náà ń pe ẹni tó ti ṣègbéyàwó ní gift. Ní Iceland, gifta tún jẹ́ oríire, ohun rere tí orí fún ni. Sweden sì tún fi ọ̀rọ̀ yìí dá àwọn mìíràn tó ń bá aráàlú gbé lójoojúmọ́: avgift ni owó tí ẹ ń san fún ọ́fíìsì, utgift ni ìnáwó, uppgift ni iṣẹ́ tí olùkọ́ fún ọmọ láti ṣe.

Nígbà tó yá, gift ti májèlé náà tún wọ èdè àwọn ará Sweden wá láti ọ̀dọ̀ Jámánì. Eitr ni àwọn baba ńlá wọn ń pe májèlé, Iceland ṣì ń pè é ní eitur. Bí Sweden ṣe di ìlú tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ́ "ó ti gbéyàwó" àti "májèlé" nìyẹn. Ẹ lè mọ irú àwàdà tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń dá. Àwàdà náà ti gbó, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ti àbúrò ọkọ yín, torí òun ló ń bà yín lẹ́rù. Báwo ni "fífún" ṣe di májèlé?

Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn Gíríìkì ló ti bẹ̀rẹ̀. "Fún" lédè tiwọn ni didonai, "fífún" sì ni dosis. Nígbà tí oníṣègùn bá wọn oògùn fún aláìsàn, ìwọ̀n tó fún un lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pè ní dosis. Àwọn tó ń kọ Látìnì gbà á lò bó ṣe wà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé náà gbà á, òun ló sì rìn títí dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn bá sọ fún yín pé "ó ku dóòsì kan fún ọmọ yín," ọ̀rọ̀ Gíríìkì nìyẹn. Àwọn ará Jámánì náà mọ dosis, àmọ́ àwọn tó ń túmọ̀ ìwé wọn láyé àtijọ́ kò kàn gbà á lò, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n rí i pé fífún ló jẹ́, wọ́n sì fi fífún tiwọn rọ́pò rẹ̀. Gift. Nítorí náà, dóòsì ni Gift yìí, ohun mímu tí wọ́n wọ̀n fún ènìyàn. Ó kù kí ohun mímu náà burú.

Bó ṣe burú ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ pe májèlé ní orúkọ rẹ̀. Ẹ rántí bí àwa náà ṣe ń ṣe. Ẹ ti lọ kí olóòkú rí, tí ìyá àgbà kan fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó rẹ ohùn sílẹ̀, tó ní: "Àìsàn kọ́ o. Wọ́n fún un jẹ ni." Ó parí. Kò dárúkọ májèlé, kò dárúkọ oúnjẹ, kò sì sọ ẹni tó fún un. Ẹ̀yin náà kò bi í pé kí ni wọ́n fún un jẹ. "Fún" nìkan ti gbé gbogbo ẹrù náà. Ohun tí Jámánì ṣe nìyẹn láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn: "wọ́n fún un ní nǹkan", títí "nǹkan tí wọ́n fún un" fi di májèlé pọ́ńbélé. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ti gbọ́ "wọ́n fún un jẹ" rí ti mọ ìtàn Gift dé ìdajì.

Àwọn ẹlòmíì náà ṣe irú rẹ̀, ọ̀nà ló yàtọ̀. Poison tí Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ Faransé, ohun mímu lásán ni láti inú Látìnì potio, ọmọ ìyá potion. Veneno àwọn ará Spain wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan tó bá orúkọ Venus, òrìṣà ìfẹ́, tan: oògùn ìfẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí: antidote, tí í ṣe aporó, láti inú didonai yẹn náà ló ti wá, ohun tí wọ́n fún ènìyàn láti fi ṣẹ́gun èyí tí wọ́n ti fún un ṣáájú. Fífún kan náà ló pa á, fífún kan náà ló jí i.

Fún ìgbà pípẹ́, Jámánì lo méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá ní die Gift, ẹ̀bùn ni; bí wọ́n bá ní das Gift, májèlé ni. Die àti das yẹn, ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ, ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Irú ìyẹn kì í pẹ́ kó tó fa wàhálà: ta ló máa fẹ́ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ sí májèlé? Die Gift rọra kúrò nílẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ fún Gabe àti Geschenk. Ibì kan ṣoṣo ló ti sá pamọ́ sí títí dòní: Mitgift, ẹrù tí àwọn òbí dì fún ìyàwó láti gbé lọ sílé ọkọ. Ẹ wò ó, ìdí ìgbéyàwó náà ni. Geschenk sì tún ní ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀, torí láti inú schenken, tó jẹ́ bíbu ọtí sí ife fún àlejò, ló ti jáde. Jámánì fi ohun mímu ṣe ẹ̀bùn, Faransé fi ohun mímu ṣe májèlé.

Ní 1538, Paracelsus, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, ń kọ̀wé láti gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ní májèlé ló ń fún aláìsàn lò. Ó dá wọn lóhùn pé kò sí ohun tí kì í ṣe Gift, pé Dosis nìkan ló ń sọ bóyá nǹkan máa pa ni tàbí kò ní pa ni. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ṣì ń tún gbólóhùn yìí sọ títí di òní. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé Gift àti Dosis tó gbé dojú kọ ara wọn yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ọ̀kan ni ojúlówó Gíríìkì, èkejì ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Hólándì kò ní yọ wá lẹ́nu púpọ̀. Wọ́n pín ogún náà dáadáa: gift ni ọrẹ tí ènìyàn fi fún ìjọ tàbí ẹgbẹ́ aláàánú, gif tàbí vergif ni májèlé. Àfi pé giftig, tó yẹ kó jẹ́ ti ọrẹ, "olóró" ló ń jẹ́. Ìpín ogún tó mọ́ tónítóní ṣọ̀wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ wa. Kí n má tàn yín, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí Jámánì ṣe ń pe Gift kò yàtọ̀ sí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é, wọ́n sì máa ń fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ, ì báà jẹ́ orúkọ ènìyàn tàbí ti ìgbálẹ̀. Tí ẹ bá wo Gift lára ìgò àti Gift nínú páásípọ́ọ̀tù ọmọ yín, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀. Èmi gan-an ti kàgbákò rẹ̀ rí. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Jámánì, mo ń wá ọṣẹ ìfọwọ́ nísàlẹ̀ ibi ìfọbọ́ nílé tí mo háyà, mo sì rí páálí pélébé kan tí wọ́n kọ Rattengift sí. Mi ò mọ Ratten, ṣùgbọ́n mo mọ gift. Mo rò pé irú ẹ̀ẹ́nì tí wọ́n máa ń so mọ́ ọjà ni. Mo ti ń ṣí i nígbà tí obìnrin tó nílé pariwo láti ẹnu ọ̀nà. Oògùn eku ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń fi páálí yẹn sórí àjà.

Nítorí náà, kí Gift mọ ọ̀rọ̀ mélòó kan kó tó wọkọ̀ òfuurufú. Giftig lára ìgò: kó jìnnà sí i. Giftpilz ni olú olóró, ó sì pọ̀ nínú igbó wọn. Kí ẹnikẹ́ni má tàn án lọ ṣa olú bí ará ilé. Giftnotruf ni wọ́n ń pe nọ́ńbà tí ènìyàn ń pè bí ẹnìkan bá gbé májèlé mì. Giftzwerg ni aráràá olóró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bú ẹni tí inú rẹ̀ burú. Bí ọmọ ilé ìwé kan bá fi ìyẹn ṣàwàdà sí i, kó mọ̀ pé èébú ni.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé yín lẹ wò, ẹ ò jẹ Jámánì ní gbèsè kankan. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga nìkan, ọ̀rọ̀ ìwé ni: Gift ló wà lórí sáìfíkéètì WAEC rẹ̀, òun ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù, òun ni yunifásítì kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á wọlé. Bí ẹ bá lọ búra orúkọ mìíràn nísinsìnyí, tí fisà ò tíì jáde, ẹ ó máa fi ìwé ìbúra àti gígé ìwé ìròyìn ṣàlàyé ara yín ní gbogbo ọ́fíìsì tí ẹ bá dé. Ọ̀nà tó rọrùn wà. Bí orúkọ bá pé méjì tàbí mẹ́ta nínú páásípọ́ọ̀tù, Jámánì fàyè gba ènìyàn láti mú èyí tó wù ú kí wọ́n máa fi pè é. Rufname ni wọ́n ń pè é. Bí orúkọ Yorùbá rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kó lò ó ní kíláàsì. Bí kò bá sì wù ú, kó sọ pé Gift lòun ń jẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Jámánì kan tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rìn-ín pa ní kékeré. Ẹ̀rín ọjọ́ kìíní ni, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta wọ́n á ti rántí orúkọ rẹ̀ ju ti gbogbo àwọn àlejò yòókù lọ.

Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Ẹ má fi ẹran tàbí wàrà sí i, Yúróòpù kì í jẹ́ kó wọlé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá di èlùbọ́ sínú ọ̀rá funfun, ẹ má bá wọn fi biro pupa kọ GIFT gàdàgbà sí i lára, ì báà jẹ́ orúkọ ọmọ lẹ kọ, ì báà jẹ́ pé ẹ̀bùn lẹ ní lọ́kàn. Ìyẹ̀fun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí wọ́n kọ ìyẹn sí! Ẹ kọ Geschenk sí i, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sí òkè páálí, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀.